Orúkọ tó yẹ copepod: edé atukọ̀ ni mo fọwọ́ sí

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi gbogbo.

Ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń tọ́jú ẹja òkun nínú tánkì onígíláàsì béèrè ohun tí a ó máa pe copepod, ẹ̀dá inú omi tó kéré gan-an, àti bí a ó ṣe sọ pé èèyàn ń tọ́ ọ kó lè pọ̀ láti fi bọ́ ẹja. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: tanwíjí òkun, kòkòrò sòbìà àti ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan; edé atukọ̀ ni tèmi.

Tanwíjí kò bá a mu. Tanwíjí á yọ ìyẹ́, á di ẹ̀fọn, á fò lọ. Copepod kò ní ìyẹ́. Ẹbí edé àti alákàn ni, inú omi ló ń gbé dọjọ́ ikú.

Kòkòrò sòbìà ní ìtàn lẹ́yìn, mo gbà. Cyclops, irú copepod tó ń gbé inú adágún omi, ló ń gbé ọmọ aràn sòbìà, ẹni tó bá sì mu omi náà láìfi asẹ́ sẹ́ ẹ lè kó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín aṣọ asẹ́ káàkiri abúlé wa, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fọwọ́ sí i lọ́dún 2013 pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ti inú òkun kì í gbé sòbìà. Ta ni yóò wá fowó ra kòkòrò sòbìà wọlé?

Ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀ bá ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Gíríìkì mu dáadáa. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn ọmọ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Elese aje" á di ẹlẹ́ṣẹ̀ àjẹ́! Ẹja wo ni yóò jẹ ìyẹn?

Edé atukọ̀ ò ní wàhálà yẹn, bẹ́ẹ̀ àjẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo Tigriopus, irú copepod kan tó ń gbé inú ihò àpáta tí ìgbì ń ta omi sí létíkun Kalifọ́níà. Ó lé díẹ̀ ní mílímítà 1, ó pọ́n bí epo. Á ta pọ́ún, á dúró, á tún ta pọ́ún. Abo á gbé àpò ẹyin sábẹ́ ìrù. Akọ á gbá abo tí kò tíì dàgbà mú, kò ní tú u sílẹ̀ títí yóò fi tó gbé.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹnìkan ní "gbìn". Omi aláwọ̀ ewé la lè gbìn, ìyẹn omi tó kún fún Nannochloropsis tàbí Tetraselmis, ewéedò tíńtìntín tí edé yìí ń jẹ. Edé fúnra rẹ̀, sísìn ni. Omi oníyọ̀ nínú ìgò, iyọ̀ gíráàmù 35 sí lítà kan, afẹ́fẹ́ tó ń hó díẹ̀díẹ̀. Ẹ bu omi aláwọ̀ ewé sí i. Tó bá ti mọ́ gaara, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ẹ tún bu sí i. Ẹ má bù ú jù o, àjẹkù á jẹrà, gbogbo wọn á kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ "oúnjẹ ìyè" tí wọ́n fi túmọ̀ "live food" kúrò nínú ìwé náà. Ti Jésù nìyẹn, nínú Jòhánù orí 6. "Oúnjẹ ààyè" ni ẹja mandarin ń ṣà jẹ lára àpáta látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ó ku orúkọ ọmọ edé yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kò jọ ìyá rẹ̀ rárá, ìpele 6 ló sì máa là kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ́. "Ìdin" tí wọ́n dábàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?