Ìtọ́jú jíìnì fún ọmọ SS: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa là ń gbé, ní Àbújá. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọyẹ́ bá ti dé, egungun ríro kì í jẹ́ kó sùn.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ fún wa nípa Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún jíìnì (àbùdá àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) ṣe, tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí lóṣù Kejìlá ọdún 2023 fún ẹni tó bá ti pé ọdún 12. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gé jíìnì, pa jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A lẹ́nu mọ́, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí i lára, kí ara lè tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún máa ń ní. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ bí dòjé. Inú mi dùn débi pé mo sunkún! Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là. Oògùn kẹ́mò líle (irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ) tí wọ́n á sì kọ́kọ́ fún un lè má jẹ́ kó bímọ lọ́la.

Ọkọ mi ní ká dúró kí owó rẹ̀ wálẹ̀, ká má tíì bẹ̀rẹ̀ hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora àrùn yìí kù, tí dókítà kọ. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Kíndìnrín tí àrùn yìí bá ti bà jẹ́ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lo hydroxyurea, báwo lara wọn ṣe gbà á? Àbúrò ọmọ mi yìí obìnrin jẹ́ AA: ṣé ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu, kó lè fún un nínú rẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ láìdìjà?