Dúdú ara koi ni kí ẹ wò: Sanke rèé, Showa rèé

Pupa ni ojú èèyàn kọ́kọ́ ń lọ bá lára koi, ẹja ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Japan, bẹ́ẹ̀ pupa kì í yanjú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́ mọ irú tó jẹ́, bóyá Sanke ni tàbí Showa. Dúdú ni kí ẹ wá. Ẹ fi ẹja náà sínú ike ńlá aláwọ̀ búlúù, kí omi bò ó dáadáa, kí ẹ sì wò ó láti òkè.

Bí kò bá sí dúdú rárá, tó jẹ́ pupa lórí funfun báláú, Kohaku ni. Ẹ ka pupa náà láti orí títí dé ìdí ìrù: tó bá pín sí méjì, nidan ni, mẹ́ta, sandan, mẹ́rin, yondan. Èyí tí kò já, tó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ bí mànàmáná, inazuma ni. Tó bá jẹ́ àmì pupa roboto kan ṣoṣo ló wà lórí, Tancho ni. Bí pupa mìíràn bá wà lára rẹ̀, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n dúdú kò bà á jẹ́: Tancho Sanke wà, Tancho Showa náà wà.

Sanke àti Showa gan-an ló ń da ojú rú, torí àwọ̀ mẹ́ta kan náà, funfun, pupa àti dúdú, ni àwọn méjèèjì ní. Ẹ wo orí. Sanke kì í ní dúdú lórí. Tirẹ̀ dà bíi yíǹkì tó ta sí ẹ̀yìn, kì í sì í sábà sọ̀kalẹ̀ kọjá àárín ẹ̀gbẹ́. Ti Showa ń la orí kọjá, ó ń yí ara ká lọ sí ikùn. Ẹ wá wo lẹ́bẹ́ àyà: ti Sanke lè funfun, ó sì lè ní ìlà dúdú tín-ín-rín, ti Showa máa ń dúdú kirikiri níbi tó ti so mọ́ ara. Àwọn Showa tí funfun wọn pọ̀, tí wọ́n ń pè ní kindai, ló ń tan èèyàn jù. Lẹ́bẹ́ yẹn ló ń tú wọn fó.

Ẹ fi ojú inú yọ pupa kúrò lára Sanke, irú tí wọ́n ń pè ní Shiro Bekko ló kù. Ẹ yọ ọ́ lára Showa, Shiro Utsuri nìyẹn.

Asagi kò ṣòro: ẹ̀yìn búlúù tí ìpẹ́ rẹ̀ tò bí àwọ̀n, pupa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ikùn. Shusui jọ ọ́, àmọ́ ara rẹ̀ ń dán borokoto, ìpẹ́ ńláńlá kan tò gba àárín ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ Showa o. Dúdú rẹ̀ lè ṣì wà lábẹ́ awọ, kó máa rí bí eérú, kó tó yọ síta bó ṣe ń dàgbà. Tóótòòtó dúdú wínníwínní tó sì hù sára Kohaku kò sọ ọ́ di Sanke. Shimi ni, àbùkù sì ni wọ́n kà á sí.