Ìdè-bọ́ńpà kọ́: ẹ jẹ́ ká pe kílíìpù ní èèkàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú àtijọ́.

Ẹni tó bi wá léèrè ń túmọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Ílé-Ifẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń pààrọ̀ àwọn kílíìpù tó fọ́ lára bọ́ńpà, ìyẹn ike kéékèèké tó ń mú bọ́ńpà mọ́ ara ọkọ̀, ó wá ń wá orúkọ Yorùbá fún wọn. Èsì mẹ́ta ló ti jáde: ìdè-bọ́ńpà, ìṣó oníke, àti òṣómàáló tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ láti Iléṣà. Mi ò fara mọ́ méjì àkọ́kọ́ rárá. Ẹ̀kẹta pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà ló là mí lójú.

Ìdè kò ní gba àkókò wa. Ohun tí a bá dè, okùn tàbí ẹ̀wọ̀n ló máa ń yí i ká. Kílíìpù kì í yí nǹkan kan ká, inú ihò ló ń gbà. Bọ́ńpà nìkan kọ́ ló sì wà fún. Irú rẹ̀ ló mú ike tó bo òkè táyà, òun ló mú ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló wà lẹ́yìn pátákó inú ilẹ̀kùn. Bí a bá so orúkọ rẹ̀ mọ́ bọ́ńpà, kí olùtumọ̀ wa tó ṣí ojú ìwé tó kàn, ọ̀rọ̀ ti há a lọ́nà ọ̀fun.

Ìṣó oníke ni ọ̀pọ̀ yín tì lẹ́yìn, òun ni mo sì fẹ́ bá jà jù. Ìṣó ló ń dá ihò tirẹ̀ lu, òòlù la sì fi ń gbá a. Ọmọ iṣẹ́ tó bá rí "ìṣó" nínú ìwé, òòlù ló máa nawọ́ mú, bẹ́ẹ̀ àtàǹpàkò lásán ló yẹ kó fi tì í wọlé. Tó bá wá di ìgbà yíyọ, á fi ẹ̀mú fa orí rẹ̀ bí ẹni ń fa ìṣó. Orí á já sí i lọ́wọ́, ẹsẹ̀ á kù sínú ihò. Bí ọ̀pọ̀ kílíìpù tó ń fọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ń fọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ọkọ̀ kọlu nǹkan kan. Orúkọ tó bá máa ṣi ọwọ́ ẹni lọ́nà, ó sàn ká máa pè é ní kílíìpù lọ.

Ó wá ku òṣómàáló. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ ni, àwọn tó ń ta àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ọ̀rẹ́ wa ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kílíìpù ń ṣe. Ó wọ ihò tán, ó ya ẹsẹ̀, ó lóṣòó sí ẹ̀yìn ihò, ó ní òun ò lọ mọ́. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló wo ibi tí agbára nǹkan náà wà. Orí tó hàn síta kọ́ ló di bọ́ńpà mú, ẹsẹ̀ tó yà lẹ́yìn ihò ni. Àmọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "òṣómàáló mẹ́ta ti fọ́, ẹ lọ ra òmíràn wá" lẹ́nu panẹ́ẹ̀lì-bítà, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn Ìjẹ̀ṣà lè pè wá sí ààfin Ọwá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èèkàn ni tèmi. Mo ti mọ ohun tí ẹ máa sọ: ilẹ̀ là ń kan èèkàn mọ́, ewúrẹ́ là ń so mọ́ ọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìlù ìgbìn, ìlù Ọbàtálá tí kò ṣàjèjì n'Ífẹ̀. Kò ní ọṣán lára bíi ti dùndún. Èèkàn igi ni wọ́n fi kan awọ mọ́ ọn. Èèkàn ọ̀hún gba inú awọ wọ ihò igi, orí rẹ̀ kù síta, kò sí okùn, kò sí ìdè. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Èèkàn lásán ò sì tó. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á ra èyí tí kò ní wúlò fún un. Ti àkọ́kọ́ ní ara tó lẹ́sẹ̀ àti ọ̀pá kékeré kan tó ń wọ àárín rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀pá yẹn bá wọlé ni ẹsẹ̀ ń yà. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní kílíìpù onípíìnì. Èmi ní ká pe ọ̀pá náà ní ọmọ, bí a ṣe ń sọ ọmọ odó àti ọmọ ọlọ, kí odindi rẹ̀ jẹ́ èèkàn ọlọ́mọ. Ìkejì kò ní ọmọ. Eyín ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá tì í, eyín á tẹ̀, á kọjá, á tún nà padà. Èèkàn eléyín nìyẹn. Ọlọ́mọ ṣeé yọ, ó sì ṣeé dá padà bí kò bá tíì gan. Eléyín tí a bá ti fà yọ, eyín rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tuntun ló yẹ ká fi sí i.

Mo fi àwọn orúkọ yìí kọ díẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe dún:

"Fi ẹnu sukudiráífà pẹlẹbẹ gbé ọmọ èèkàn sókè díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò pa dé. Ìgbà yẹn ni kí o yọ ara rẹ̀. Tó bá ti fọ́, kó àfọ́kù kúrò nínú ihò. Fífẹ̀ ihò ni kí o wọ̀n kí o tó lọ ra òmíràn, má wo bí orí èèkàn ṣe tóbi tó. Mìlímítà 6 sí 10 ló wọ́pọ̀. Fa ọmọ èèkàn tuntun síta díẹ̀, jẹ́ kí ihò bọ́ńpà àti ihò ara ọkọ̀ ṣe déédéé, ti ara èèkàn wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ ike. Lẹ́yìn náà ni kí o tẹ ọmọ wọlé títí yóò fi ró kẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, "gbé ọmọ sókè" ni kí ó jẹ́ o. Ẹni tó bá gé e kúrú sí "gbọ́mọ", kó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́mọ kan sì wà tó jẹ́ pé ńṣe la ó ti ọmọ wọnú díẹ̀ sí i kí ẹsẹ̀ tó pa dé. Olùtumọ̀ ní láti kọ ìyẹn lọ́tọ̀, torí ẹni tó bá fi sukudiráífà wú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á fọ́ ọ ni.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ pé ìró kẹ́ yẹn ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ, bí a ti ṣe fún alùpùpù. Ó ní "adákẹ́". Ẹ bá mi pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó dà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ìwé náà gbọ́dọ̀ ní: etí, ìyẹn ibi pẹlẹbẹ lára bọ́ńpà tí wọ́n lu ihò sí. Èèkàn tó rọ̀ díẹ̀ ló ń gba etí là. Bí nǹkan bá kọlu bọ́ńpà jẹ́jẹ́, èèkàn á já, etí á kù. Àwọn tó ń fi sukúrúù tàbí wáyà rọ́pò rẹ̀ ń wo owó tí wọ́n máa fi ra kílíìpù. Wáyà kì í já, etí ló ń ya. Ẹni tí etí bọ́ńpà rẹ̀ bá sì ti ya, owó tó máa ná kì í ṣe ti èèkàn mọ́.

Ohun tí mi ò rí orúkọ fún nìyí. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ bọ́ńpà ti pàdé fẹ́ńdà, ike gígùn kan wà lábẹ́ tó gbé e ró, bọ́ńpà sì ń kọ́ mọ́ ọn. Bí ìyẹn bá ti sán, èèkàn tuntun mẹ́wàá ò lè mú ẹ̀gbẹ́ bọ́ńpà dúró, nítorí náà ìwé ò gbọdọ̀ fò ó. "Ìgbéró" ló wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù, gbogbo nǹkan ló ń gbé nǹkan ró lára ọkọ̀. Ẹ̀yin ará Iléṣà tí ẹ fún wa ní òṣómàáló, kí lẹ rí sí i?