Akẹ́kọ̀ọ́ ìpòògùn àti AI: ibi tí ìdáhùn rẹ̀ ti ń ṣini lọ́nà

Olùkọ́ ìpòògùn

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT, ètò AI tó ń dáhùn ìbéèrè, ti jáde, agbára káká la fi lè rí akẹ́kọ̀ọ́ ìpòògùn tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ń ké ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúrú, wọ́n fi ń dán ara wọn wò kí ìdánwò tó dé, wọ́n sì fi ń múra sẹ́mínà sílẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ wọn mọ orúkọ rẹ̀ láìmọ ìṣe rẹ̀. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti bi í ní nǹkan, ṣe ló máa ṣí ìwé atọ́nà oògùn bíi BNF tàbí EMDEX wò. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ló ń tò jọ, látinú àìmọye ìwé tó ti kà, ti Amẹ́ríkà sì pọ̀ nínú wọn gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú paracetamol olómi. Ká ní ọmọ kan wọn kìlógíráàmù 12. Bí a bá fẹ́ fún un ní 15 mg fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, 180 mg ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan. Sírọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 160 mg nínú 5 ml, nítorí náà AI lè ní kí ẹ fún ọmọ náà ní 5.6 ml. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí pẹpẹ wa níbí jẹ́ 120 tàbí 125 mg nínú 5 ml. Bó bá jẹ́ 120, 7.5 ml ló yẹ kó jẹ́. Aṣìṣe yìí kò ní pa ọmọ lára, oògùn á kàn kéré ni. Ṣùgbọ́n drops tí wọ́n ń tà fún ìkókó ńkọ́? Èyí tó jẹ́ 100 mg nínú 1 ml wà. Ẹni tó bá gba "7.5 ml" lẹ́nu AI, tó wá wọ̀n ọ́n látinú drops yẹn, 750 mg ló fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ lọ.

Torí náà, ẹ má béèrè ml lọ́wọ́ rẹ̀. Iye mg fún kìlógíráàmù kan ni kí ẹ béèrè, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé, kí ẹ ka ara ìgò tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò tó kù. Ẹ ṣọ́ orúkọ náà: acetaminophen ni wọ́n ń pe paracetamol lọ́hùn-ún, albuterol ni wọ́n ń pe salbutamol. Bí orúkọ méjèèjì bá wà nínú àkọsílẹ̀ aláìsàn kan, ẹlòmíì á rò pé oògùn méjì ni, á sì fún un ní méjèèjì.

Apòògùn ilé ìwòsàn

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èmi á fi ti oògùn tó ń bá oògùn jà kún un. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ní Long Island University ní Amẹ́ríkà fi ìbéèrè 39 nípa oògùn bi ChatGPT ọ̀fẹ́. Ìdáhùn 10 péré ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n bi í bóyá Paxlovid, oògùn COVID-19, àti verapamil, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lè bá ara wọn jà, ó ní kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ritonavir tó wà nínú Paxlovid ń dí CYP3A4 lọ́wọ́, ìyẹn ẹ́ńsáìmù inú ara tó yẹ kó máa tú verapamil palẹ̀. Verapamil á pọ̀ lára, ìfúnpá aláìsàn lè wá já wálẹ̀ jù. Wọ́n ní kó sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdáhùn 8 ló rí ìwé tọ́ka sí, gbogbo wọn ló sì ní ìwé tí kò sí níbì kankan nínú.

Ẹ máa da DOI kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé ìwádìí, kọ sórí doi.org. Bó bá ṣí, iṣẹ́ ò tíì parí, torí DOI gidi lè gbé yín dé orí ìwé mìíràn pátápátá. Ẹ fi àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún wéra, kí ẹ wá ka àyọkúrò rẹ̀ bóyá ohun tí AI sọ ló wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń béèrè náà. "Kò séwu, àbí?" máa ń fà á láti gbà fún yín. "Kí ni ritonavir ń ṣe sí verapamil, ọ̀nà wo ló gbà?" ló dáa jù, torí ẹ lè yẹ ọ̀nà náà wò.

Ẹni tó ń tọ́ wọn ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì

Ẹ ní kí AI sọ bí ẹ ṣe máa po ọtí (ethanol) 70% tó jẹ́ 1000 ml látinú ọtí 95%. Á ní kí ẹ wọn ọtí 95% náà ní 736.8 ml, òótọ́ ni. Á wá ní kí ẹ da omi 263.2 ml sí i, ibẹ̀ ló ti ṣì. Bí ọtí àti omi bá pàdé, wọ́n máa ń súnkì, kò ní pé 1000 ml, ọtí náà á sì le ju 70% lọ. Ẹ wọn ọtí náà, ẹ da omi sí i kó kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù torí ó máa ń móoru, kí ẹ tó fi omi kún un dé ojú àmì 1000.

Apòògùn ìgboro

Àgbo ńkọ́? Bí ẹ bá kọ "asofeyeje" láìfi àmì sí i, AI lè gbé ewé mìíràn jáde, á sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, Rauvolfia vomitoria. Èròjà reserpine wà nínú rẹ̀, ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, torí náà ẹni tó ń lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń mu ún, ó yẹ kí ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀.

Àṣírí aláìsàn wá ńkọ́? Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gbẹgẹ́. Ẹ yọ orúkọ, nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí kúrò. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, iṣẹ́ kídìnrín àti oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, torí láìsí wọn ìdáhùn náà ò ní wúlò. Fọ́tò ìwé oògùn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ránṣẹ́ láìronú: orúkọ aláìsàn, ti dókítà àti ti ilé ìwòsàn ló wà lójú rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ oògùn nìkan.