Mi ò fẹ́ràn eré ìdárayá rárá. Kí ló ń gbé ẹ̀yin dìde?

Ó Rẹ̀ Mí béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Mi ò fẹ́ràn eré ìdárayá. Kì í ṣe pé mi ò ráyè, kì í sì í ṣe pé mi ò mọ àǹfààní rẹ̀. Kò kàn wù mí ni. Òógùn tó ń bo ojú, àyà tó ń lù kìkì, ẹsẹ̀ tó máa ń ro mí lọ́jọ́ kejì, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ara àwọn máa ń yá gágá lẹ́yìn tí wọ́n bá sáré tán, mo máa ń wò wọ́n bíi pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Mo ti sanwó jímù rí. Mo lọ títí ó fi sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí, mi ò sì lọ mọ́. Láìpẹ́ yìí ni dókítà wá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́ máa ru, pé kí n tètè máa fi ara ṣiṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti oògùn. Iṣẹ́ àjókòóṣe ni mò ń ṣe, mo sì ti lé lógójì ọdún.

Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìlera lọrọ̀. Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin tí kò wù bíi tèmi tí ẹ sì ń ṣe é, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i?

Ẹsẹ̀gìrì:

Ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò wù mí, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe é. Ká ní mò ń dúró kó wù mí kí n tó jáde ni, orí ibùsùn ni n bá ṣì wà. Mo gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọkàn mi, mo fi lé aago lọ́wọ́. Tí mo bá ti fọ eyín tán láàárọ̀, bàtà ló kàn. Mi ò kì í bi ara mi bóyá ó wù mí, torí mo mọ èsì tí n ó gbọ́.

Àwọn onímọ̀ kan ní Bìrìtéènì dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọn ò fún àwọn ti àkọ́kọ́ ní ìṣírí kankan. Wọ́n fún àwọn ìkejì ní ìwé tó ń ṣàlàyé àrùn ọkàn àti bí ìdárayá ṣe ń lé e jìnnà. Àwọn ìkẹta ka ìwé yẹn náà, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n tún kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n á ti ṣe é sílẹ̀. Nínú ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, àwọn tó padà ṣe é kò pé 40 nínú 100. Àwọn tó kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, 91 nínú 100 ló ṣe é. Ẹ ò rí i pé ìwé ìṣírí yẹn nìkan ò ta pútú! Torí náà, ẹ fi ti pé kó wù yín sílẹ̀ ná. Ọjọ́ wo? Aago mélòó? Níbo?

Akínkanjú:

Ẹ má bínú o, àwáwí ló pọ̀ jù. Ara wo ló fẹ́ iṣẹ́? Ẹ dìde, ẹ lọ sáré, ó parí. Ìgbà tí ẹ bá sáré dé ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣubú lulẹ̀ lẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ṣe nǹkan.

Olùkọ́ Ìdárayá:

Ẹ̀gbọ́n Akínkanjú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń lé àwọn èèyàn kúrò nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ni ní ìdárayá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wá bá mi pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀, eré tó ju agbára rẹ̀ lọ ni kò fẹ́ràn. Ta ló wá fẹ́ràn ìyẹn?

Onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Panteleimon Ekkekakis. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń wádìí bó ṣe ń rí lára èèyàn nígbà tó bá ń ṣe ìdárayá lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ṣe é tán. Bí iṣẹ́ náà bá ṣì rọrùn, ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà á. Àmọ́ ibì kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti kọjá rẹ̀, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọ̀rọ̀ ò ní jáde délẹ̀ lẹ́nu mọ́, gbogbo adùn á sì wọmi, ì báà jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ibẹ̀ kò rí bákan náà fún gbogbo wa. Ẹni tó ti ń sáré láti ọjọ́ pípẹ́ lè lọ jìnnà kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ń jókòó láàárọ̀ dalẹ́, ìrìn kíákíá lórí òkè lásán lè gbé e kọjá ibẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bẹ́ sí eré lójijì, ìyà ló ń fi jẹ ara rẹ̀, ara á sì rántí ìyà yẹn lọ́jọ́ tí bàtà bá tún kan ẹsẹ̀.

Ẹ máa rìn kíákíá dé ibi tí ẹ ti lè bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin. Ẹ dúró síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí ni bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí wọ́n á wá fi èyí tó le jù parí. Lọ́dún 2016, Zachary Zenko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan fi èyí tó le bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ìdárayá, kí wọ́n sì máa dín in kù títí wọ́n á fi parí. Wọ́n ní kí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn lọ sí èyí tó le. Àwọn tó ń dín in kù ló gbádùn rẹ̀ jù, bí wọ́n sì tún ṣe rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìrìn jẹ́jẹ́ parí, kí ìyẹn jẹ́ èyí tí ẹ máa rántí lọ́la.

Ó Rẹ̀ Mí:

Olùkọ́, ẹ ṣé gan-an ni. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Nílé ìwé, tí wọ́n bá ní ká sáré, bí èémí mi bá já, "ọ̀lẹ" ni wọ́n máa ń pè mí. Ní jímù náà, orí ẹ̀rọ ìsáré ni wọ́n gbé mi lé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kórìíra ẹ̀rọ yẹn bí ìgbà tó jẹ mí lówó.

Alákàwé:

Hahaha, ẹ jàre ẹ̀rọ! Ṣé ẹ mọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìran rẹ̀ ti wá? Lọ́dún 1818 ni ẹnjiníà kan, William Cubitt, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí wọ́n á máa gùn láì dé ibì kankan. Bó bá ń ṣe yín bíi pé ìyà ni, ẹ ò jìnnà sóòótọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí fóònù fi ìṣísẹ̀ 10,000 dẹ́rù bà yín. Orí ọjà ni iye yẹn ti wá: ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló fi polówó ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ lọ́dún 1965. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà láàárín àwọn ìyá àgbà lọ́dún 2019, àwọn tó ń rìn tó nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rìn 2,700. Àǹfààní yẹn ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ìyá àgbà nìyẹn o, kì í ṣe ọjọ́ orí yín, àmọ́ ẹ rí i pé kò dìgbà tí èèyàn bá rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Bàbá Oníjó:

Ọmọ mi, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò wọ jímù rí láyé mi. Ijó ni mò ń jó. Mo máa ti ilẹ̀kùn yàrá, mo máa tan orin, mo máa jó títí orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin á fi tán. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ọjọ́ tí mi ò bá jó, mo máa ń rìn lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan, ká jọ rìn ká jọ máa ṣe àríyànjiyàn. Kò sí nínú àwa méjèèjì tó ń pe ìyẹn ní eré ìdárayá.

Ẹ̀yin ọmọ ìwé ń mú ìwádìí wá, ẹ jẹ́ kí èmi náà mú tèmi wá. Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris gbé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London jáde. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó. Àrùn ọkàn kò bá àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ fínra tó àwọn awakọ̀. Èwo nínú wọn ló ra bàtà ìsáré? Ẹ wá iṣẹ́ tó ń mú ẹsẹ̀ rìn, kí ẹ gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín bá ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2020 mu. Ohun tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, èyí tó mọ níwọ̀n, irú èyí tí Olùkọ́ sọ pé èèyàn lè sọ̀rọ̀ tí kò lè kọrin yẹn. Tó bá jẹ́ èyí tó le, ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ọjọ́ méjì ó kéré tán ni kí èèyàn sì máa fi iṣan ara ṣiṣẹ́: gbígbé nǹkan tó wúwo díẹ̀, jíjókòó àti dídìde lórí àga, títi ògiri. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kó máa tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan náà kó tó wọ ìṣirò. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀. Tí ẹ ò bá sì tíì lè pé 150, díẹ̀ sàn ju kò sí lọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yín: bí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí èémí yín bá já lọ́nà tí kò bá iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe mu, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara ríro tó ń wáyé lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn iṣẹ́ tuntun ní tiẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Olófòófó:

Èmi o, ìtàn ló ń mú mi rìn. Mo máa ń tẹ́tí sí ìtàn lórí fóònù, mo sì ti fòfin de ara mi: bí mi ò bá rìn, mi ò gbọ́. Ẹ mọ bí ìtàn ṣe máa ń dé ibi tó dùn kó tó dáwọ́ dúró! Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Katy Milkman àtàwọn yòókù, dán èyí wò ní 2014: jímù nìkan ni wọ́n ti jẹ́ kí àwọn kan gbọ́ ìtàn tó dùn. Ó mú kí wọ́n máa lọ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ fún ìsinmi ọdún tí wọ́n padà dé, agbára rẹ̀ ti dín kù. Torí náà, ó dára púpọ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá ti ìrìn àjò tàbí àìsàn dé ni kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Ó Rẹ̀ Mí:

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá ti fo ọjọ́ kan, mo máa ń sọ pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn, n ó sì pa á tì.

Ẹsẹ̀gìrì:

Kò bàjẹ́ o. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ̀ lé àwọn tó fẹ́ sọ nǹkan kan di bárakú. Ó gba ẹlòmíì ní ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò pé ó lè gba ẹlòmíì tó 254. Ti àárín jẹ́ 66. Fífo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba nǹkan kan jẹ́. Tó bá ń pẹ́ lára yín, kì í ṣe pé orí yín ò pé, bó ṣe rí lára yín nìyẹn.

Akínkanjú:

Ó dáa, mo gbọ́. Àmọ́ kí ẹnì kan sọ fún un pé ó lè má fẹ́ràn rẹ̀ láé o. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn ń ṣe é.

Olùkọ́ Ìdárayá:

Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò pọn dandan kó fẹ́ràn rẹ̀. Kó má ṣáà kórìíra rẹ̀ débi tí kò fi ní padà wá.

Ó Rẹ̀ Mí:

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ní kété tí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́, kí n tó délé rárá, torí bí mo bá ti jókòó sílé, ó tán. Ìtàn wà létí, mi ò ní sáré. Ọjọ́ Sátidé, ijó Bàbá. Ìbéèrè kan ló kù: mo ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé. Ṣé kí n máa fi wọ̀n ọ́n bí mo bá ti ń dé láti ibi ìrìn, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Rárá o, ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò ní sọ òótọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán lẹ́yìn ìdárayá. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn yín dọ́gba, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kan, òun ni kí ẹ gbé lọ fún dókítà.