Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: editor wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́; mò ń wá editor, ìyẹn ohun èlò tí n ó máa fi kọ kóòdù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà, RAM rẹ̀ ò ju 4GB lọ. Ẹnì kan ní VS Code, ẹlòmíì ní Vim. Ewo ló ṣeé gbára lé? Àbí kí n kàn máa fi Word kọ ọ́?

*Ìdáhùn:* Word kẹ̀? Rárá o! Àmì àyọlò tó dúró ṣánṣán lo máa tẹ̀, Word á sọ ọ́ di èyí tó tẹ̀ kọdọrọ. Bí o bá gbé e fún Python, SyntaxError, ìyẹn pé àṣìṣe wà nínú bí o ṣe kọ ọ́, ló máa fi dá ọ lóhùn.

*Ìdáhùn:* Àbúrò, Thonny ni kí o gbé. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe é, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ náà ni. Python ti wà nínú rẹ̀, kò sì wúwo. Kọ `x = 5`, kí o kọ `x = x + 2` sábẹ́ rẹ̀. Lọ sí View, ṣí Variables, kí o wá fi Debug rìn ín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ báyìí ni 5 á ṣe di 7. Kò sí àlàyé olùkọ́ tó jùyẹn lọ.

*Ìdáhùn:* Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ tó bá di JavaScript, èdè kóòdù mìíràn, Thonny ò bá a débẹ̀. VS Code ló máa padà lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ RAM o! Kó má wulẹ̀ kó extension (àfikún fún editor) jọ, ti Python nìkan ti tó. Kó tan Auto Save nínú File, kó sì pa AI tó ń báni parí kóòdù. Ẹni tí wọ́n ń bá kọ ọ́, ìgbà wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n?

*Ìdáhùn:* Ẹ tún máa wo ẹni tó ń tọ́jú editor náà. Editor kan tó ń jẹ́ Atom gbayì nígbà kan, GitHub, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, pa á tì ní December 2022. Kóòdù tí èèyàn fi kọ ò bá a lọ ṣá, editor mìíràn á ṣí i.

*Olùbéèrè:* Ẹ ṣé gan-an ni. Thonny ni mo ń gbà sílẹ̀ báyìí. Vim ńkọ́?

*Ìdáhùn:* Fi Vim sílẹ̀ ná. Bí o bá ṣèèṣì wọ inú rẹ̀, tẹ Esc, kí o tẹ `:q!`, kí o tẹ Enter. Ọ̀nà àbájáde nìyẹn.