Ayàwòrán-ilé ni mí, iṣẹ́ ọgbà ìgbádùn ló wù mí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń ya ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà níbi ọgbà ìgbádùn ńlá, irú èyí téèyàn á wọ̀ tí á dà bíi pé ó bọ́ sínú ìtàn.

Disneyland, ọgbà ìgbádùn tí wọ́n ṣí ní California ní 1955, ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Ní òpópónà àbáwọlé rẹ̀, wọ́n ṣe àjà òkè kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí àwọn ilé náà lè dà bíi pé wọ́n ga ju bí wọ́n ṣe ga lọ. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an ni!

Mo mọ bí èrò ṣe ń rìn nínú ilé ńlá, mo mọ ètò ọ̀nà àsálà bí iná bá ṣẹ́ yọ. Àmọ́ n kò tíì ya ohun tó ní ìtàn nínú rí. Ṣé kí n ya ọgbà àfinúrò kan tí màá fi han àwọn agbaniṣíṣẹ́ ni, àbí kí n padà sílé ìwé? Wọ́n ní iṣẹ́ àdéhùn ìgbà díẹ̀ ló pọ̀ nídìí yíya ọgbà ìgbádùn. Ọmọ méjì ni mo ń tọ́. Ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?